Àìsàn Tí Mo Pè Ní Àtọ̀sí

Ìṣẹ́yìn,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Múfútáù, Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Ràfátù ìyàwó rẹ ń jẹun, ṣé ooru ilẹ̀ Hausa ò yọ ọ́ lẹ́nu jù pẹ̀lú oyún inú rẹ̀? Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ìyá rẹ ní kí n kà á, ó tún ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kàdúná ti gbà ọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ tó sá fún òfì bàbá rẹ̀ ti lọ jókòó sídìí òfì òyìnbó. Inú wa dùn, má rò pé à ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú lẹ́tà náà tí kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kà á. O ní ọ̀gá yín kì í fẹ́ kí èèyàn dìde nídìí ẹ̀rọ, pé o ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń mú ìtọ̀ mọ́ra láti òwúrọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán. O fi ṣe àwàdà. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò lè rín in.

Mo mọ ohun tó yẹ kí bàbá kọ sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́: kó tètè máa dé ibi iṣẹ́, kó má bá wọn dìtẹ̀, kó má bá ẹgbẹ́ burúkú rìn. Màá kọ ìyẹn náà bí ìwé bá kù. Ara bàbá rẹ ò yá, Àkànní. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, dókítà kan ń retí mi ní Ìbàdàn láti gbọ́ bóyá mo gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi àbí mi ò gbà. Ibi tí wọ́n fẹ́ gbé abẹ sí ló jẹ́ kí n máa wá ọ̀rọ̀ tì láti òwúrọ̀. Nílẹ̀ tiwa níbí, bàbá kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ. Bàbá mi ò bá mi sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà ò sọ ọ́ títí tó fi kú. Ó ti tó kí ẹnì kan sọ ọ́.

O mọ ilé òfì wa. O mọ bí a ṣe ń jókòó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí kálukú na òwú tirẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá dìde láìjẹ́ pé wọ́n pe ìrun tàbí pé oúnjẹ dé, gbogbo ilé ló máa rí i. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lemọ́lemọ́, Lámídì tó ń hun aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Rájí, ṣé o fi ìyàwó kan pamọ́ sẹ́yìn ilé yìí ni, tí o ń lọ kí i?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ẹ̀yìn ilé ọ̀hún, màá dúró títí, ìtọ̀ ò ní wá. Tó bá jàjà wá, á kàn máa kán ni. Mi ò ní tíì jókòó dáadáa tí á tún fi máa gbọ̀n mí.

Mo ní ìjókòó ló fà á. A máa ń pẹ́ lórí òfì, igi tí a sì ń jókòó lé kò rọ̀. Mo fi àkísà tẹ́ ẹ. Nígbà tí ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, mo dín omi mímu kù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Òkè-Ògùn yìí, èmi Rájí ń jẹ iyán, mo ń fi ẹnu gbígbẹ dìde nídìí rẹ̀, kí Lámídì má baà rí ohun fi ṣe ẹ̀rín. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Ìtọ̀ wá pọ́n, ó wá ń ta mí bí ata.

Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ara mi pé àtọ̀sí ni. Ìwọ náà mọ̀ pé tí ìtọ̀ bá ti ń ni ọkùnrin lára níbí, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń pe àìsàn rẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó kàn ni pé níbo ló ti kó o. Èmi tí mi ò mọ obìnrin mìíràn láti ìgbà tí mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá ìgbà ọ̀dọ́ mi ní Gáná ló ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ìgbà tí à ń ru aṣọ kiri, tí mo rò pé mo gbọ́n ju bàbá mi lọ. Ọ̀rọ̀ Gáná ò ṣeé kọ sínú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo ń dá ara mi lẹ́bi ohun tí kò fa nǹkan kan.

Dípò kí n gba ilé ìwòsàn lọ, ọ̀dọ̀ ìyá eléwé ni mo lọ. Mo ra àgbo àtọ̀sí, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn àpótí òwú. Ìyá rẹ rí i. Ta ni obìnrin tí kò mọ òórùn àgbo yẹn? Kò bá mi jà, ìbá tiẹ̀ sàn kó bá mi jà. Ó gbé oúnjẹ mi sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Múfú," ó ká ẹní rẹ̀, ó kó lọ sí yàrá kejì. Iléyá tí o wá sílé, tí o ń bi mí pé kí ló dé tí ìyá rẹ kì í bá mi ṣàwàdà mọ́, ohun tó fà á nìyẹn. Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ti mọ́sálásí tún ń bẹ. Tí mo bá ṣe àlùwàlá tán, ìtọ̀ á kán sí mi láṣọ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo kúrò ní sàfú iwájú, mo bọ́ sí ẹ̀yìn, nígbà tó yá mi ò lọ mọ́. Àwọn èèyàn ní mo ń bá Lèmọ́mù jà. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìyẹn ò nítìjú nínú tó òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kan báyìí, mo ń gbé aṣọ ẹtù lọ fún oníbàárà kan ní Ṣakí. Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí kí ọkọ̀ tó gbéra. A kọjá Àgọ́-Àmọ̀dú díẹ̀, mo ní kí awakọ̀ dúró. Mo wọgbó, ẹ̀kán kan ò jáde. Mo padà sínú ọkọ̀, mo tún ní kó dúró. Nǹkan kan ò wá. Ikùn mi le, ó yọ síta bí ikùn aboyún. Òógùn bò mí. Ìyá kan tó jókòó tì mí ní, "Bàbá, kí ló ń ṣe yín?" Àkànní, mo sọ fún un pé inú ló ń run mí. Mo ń kú lọ, mo ṣì ń purọ́.

Awakọ̀ yẹn, Ọlọ́run á ṣe é lóore, ilé ìwòsàn ló wà mí lọ tààrà. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọbìnrin tó lè jẹ́ àbúrò rẹ, ló ní kí n tú ṣòkòtò. Mo ní kó lọ pe ọkùnrin wá. Ó ní, "Bàbá, ọkùnrin tó ń ṣe é ò sí níbí, àpò ìtọ̀ yín sì lè bẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́." Ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ ojú ara mi. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, mo sunkún. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo ń ṣàdúrà fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Rọ́bà ọ̀hún ṣì wà lára mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àpò rẹ̀ ni mo so mọ́ itan lábẹ́ ṣòkòtò.

Wọ́n ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Àbúrò mi Gàníyù ló tẹ̀ lé mi. Dókítà tí a bá níbẹ̀ kò jù ọ́ lọ púpọ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n ká orúnkún, ó wá ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ìka ni mo fẹ́ fi yẹ̀ yín wò nídìí. Ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mi ti lè kàn án." Mo dìde. Mo wọ bàtà. Gàníyù náà ti dé ẹnu ọ̀nà. Dókítà ò bínú, ó ní, "Bí mo bá fi ojú lásán wò yín, irọ́ ni màá pa fún yín." Ọ̀rọ̀ irọ́ yẹn ló mú mi. Mo bọ́ bàtà, mo padà dùbúlẹ̀. Kò le tó bí mo ṣe rò ó. Kí èèyàn tó ka Fátíhà tán, ó ti parí.

Ó ní kóró kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ gbogbo ọkùnrin, púrósítéètì lorúkọ tí òyìnbó ń pè é. Bí a bá ti ń dàgbà, ó máa ń wú. Ti ẹlòmíràn á kàn wú lásán, á dí ìtọ̀ lọ́nà. Ti ẹlòmíràn á di jẹjẹrẹ. Ó ní ó yẹ kó rọ̀ bí ẹran ìdí àtàǹpàkò, ṣùgbọ́n tèmi le bí eegun. Wọ́n gé bíńtín lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ya fọ́tò egungun ẹ̀yìn mi. Jẹjẹrẹ ni.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìyí. Dókítà ní kóró ẹpọ̀n ọkùnrin ló ń fún àìsàn náà lóúnjẹ. Tí wọ́n bá yọ ọ́, àìsàn náà á rọlẹ̀, ó sì lè pẹ́ kó tó tún gbérí. Kò sọ pé yóò lọ pátápátá. Oògùn oníhóró kan wà tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ọyàn ọkùnrin wú, kò sì dára fún irú èmi tí ọkàn mi kò lágbára. Mo ní, "Dókítà, ohun tí à ń ṣe fún òbúkọ kó lè sanra lẹ fẹ́ ṣe fún mi yìí?" Ó ní, "Kí ẹ lè pẹ́ láyé ni, Bàbá."

Ó wá bi mí bóyá ẹnì kan nínú ìdílé wa ti ṣe irú àìsàn yìí rí. Mo fẹ́ sọ pé rárá, ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Súlè bá sọ sí mi lọ́kàn, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Àgbà, tó ń gbin iṣu lójú ọ̀nà Ìgànná. O rántí pé ẹ̀yìn ló ń ro ó. A ní làkúrègbé ni, pé ebè kíkọ ló fà á. A fi òrí pa á títí, kò lè dìde mọ́. Ìtọ̀ ń kán lára rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá sọ ọ́ síta, òun ò ní foríjì í. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Nígbà tí mo sọ èyí tán, dókítà wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ bí ọmọkùnrin?" Mo ní mo bí ọ̀kan. Ó ní àìsàn náà máa ń rìn nínú ìdílé. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ro ti ara mi lẹ́ẹ̀kan, màá ro tìrẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Nítorí náà, fara balẹ̀ ka ibi tó kàn yìí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Àkọ́kọ́, tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́, dìde. Dókítà ní ìjókòó àti mímú ìtọ̀ mọ́ra kọ́ ló fa tèmi. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni bàbá rẹ, mo ní kí o dìde. Kí ọ̀gá yín bínú.

Èkejì, má fúnra rẹ fún àìsàn kankan lórúkọ. Èmi pe tèmi ní àtọ̀sí, mo sì gbé àgbo ti orúkọ tí mo pè é mì. Ìtìjú orúkọ yẹn ló jẹ mí lọ́jọ́ tó yẹ kí n lọ gba ìtọ́jú. Tí ẹ̀yìn bá ń ro ọ́ náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé làkúrègbé ni, kí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Tí o bá ti pé ogójì ọdún, máa lọ kí dókítà fi ìka yẹ̀ ọ́ wò lọ́dọọdún. Má dúró de ìgbà tí yóò máa dùn ọ́, dókítà ní nígbà tó bá fi máa dùn èèyàn, ó ti rìn jìnnà. Mo mọ̀ pé o máa ń gbéra ga. Ara mi lo ti mú un. Kọjú sí ògiri, ka Fátíhà, kó o jẹ́ kó ṣe é. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fi èyí ṣe àwàdà.

Sọ fún Ràfátù. Ohunkóhun tó bá ń ṣe ọ́ lábẹ́ aṣọ, kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Tí o bá dákẹ́, á fi ọgbọ́n ara rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà, ibi tí yóò sì parí rẹ̀ sí ò ní dára. Kí o sì sọ fún àwọn tó ti ń hu ewú níbi iṣẹ́ yín. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ti iṣẹ́, tètè máa dé ibẹ̀. O ti mọ èyí tó kù.

Àkànní, mi ò tíì mọ èsì tí màá fún wọn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń bẹ̀rù pé ó ti wọnú egungun, dókítà ò sọ ọ́ tààrà. Mò ń bẹ̀rù kí n wọ ilé òfì, kí gbogbo wọn mọ̀. Mò ń bẹ̀rù ìyá rẹ, mi ò tíì sọ fún un. Ó ń fọ àpò ìtọ̀ mi láàárọ̀, kò sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé àtọ̀sí ló ṣì gbà pé ó ń ṣe mí. Gàníyù ti wọlé. Màá parí rẹ̀ tó bá yá.

Ọjọ́ Àìkú.

Kì í ṣe pé Gàníyù wá kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má padà sí Ìbàdàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣé kí wọ́n máa sọ nígboro pé wọ́n tẹ àgbàlagbà ilé wa lọ́dàá? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Mo fẹ́ gbà fún un. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà bá ohun tó wà lọ́kàn mi mu.

Àṣé ìyá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó ní, "Ta ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lọ́dàá?" Èmi ni mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àgbo títí dórí jẹjẹrẹ, mi ò wo ojú rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Àrùn ni, Bàbá Múfú? Àrùn lẹ jẹ́ kí n máa fi bínú sí yín láti èṣí?" Ó sunkún, mi ò mọ ibi tí màá fọwọ́ sí. Ó wá nu ojú, ó kọjú sí Gàníyù. Ó ní, "Ẹ̀sín tí ẹ ń sọ yìí, ta ló máa fi í ṣẹ̀sín? Èmi ni mo wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀, mi ò sì fi í ṣẹ̀sín. Ṣé ọmọ ló tún fẹ́ bí ni? Bàbá Àgbà yan ikú. Ṣé ẹ rí i bó ṣe yá tó?" Èmi àti Gàníyù la jọ yí Súlè sórí ẹ̀gbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ó mọ bó ṣe rí.

Ó ku ti ẹ̀sìn. Mo ti ń gbọ́ láti kékeré pé ó léèwọ̀ kí ọkùnrin tẹ ara rẹ̀ lọ́dàá. Lánàá mo lọ bá Ààfáà Bùsàrí. Ó ní ẹni tó ṣe é nítorí pé ó wù ú ni wọ́n kọ̀ fún, pé ẹni tó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí egbò kì í ṣe ẹni tó kọ ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún un. Ó wá bi mí ìdí tí mi ò fi wá kírun mọ́. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹni tí ìtọ̀ ń kán lára rẹ̀, kó ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kó kírun rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló ń lé yín sá?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú mi.

A ń lọ lọ́la. Ìyá rẹ ti di ẹrù, àná ló ti kó ẹní rẹ̀ padà sí yàrá mi. Gàníyù ní òun náà ń tẹ̀ lé wa, ó sì ń kùn bó ṣe ń sọ ọ́. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Kàdúná ni màá fi lẹ́tà yìí rán, nígbà tí yóò sì fi dé ọwọ́ rẹ, wọ́n á ti ṣe é tán. Mi ò mọ bí ara mi yóò ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ò tíì kúrò lára mi. Ti abẹ tiẹ̀ kéré níbẹ̀, ojú tí ìwọ yóò fi wò mí ló pọ̀jù.

Tí o bá wá sílé, má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o máa wá ohun tó yí padà lára mi. Wọlé, kí o dọ̀bálẹ̀ fún mi bí o ṣe máa ń ṣe, kí o pè mí ní Bàbá. Sọ ọ́ sókè dáadáa, kí n gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ ni mí,
Rájí.